Bí a ṣe ń fi peroxide sọ PP àpò híhun di ike tó ń ṣàn dáadáa nínú mólùdù

PP (polypropylene), irú ike tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, àpò ṣúgà àti àpò sìmẹ́ńtì máa ń ki gan-an tó bá yọ́. MFR rẹ̀, ìyẹn iye gíráàmù tó ń ṣàn jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 230°C lábẹ́ ẹrù 2.16 kg, sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 3. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí fún àpò, torí pé tẹ́ẹ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ó fà gùn kí a tó hun ún gbọ́dọ̀ gba fífà láìjá. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àpò bá gbó, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fẹ́ fi dà hángà, ìdérí tàbí korobá tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ike tó ki báyìí kì í dé igun mólùdù. Wọ́n á gbé ìgbóná sókè, wọ́n á fi prẹ́ṣọ̀ kún prẹ́ṣọ̀, ike á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀, igun á ṣì máa ṣófo. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, MFR 20 sí 25 ni à ń wá.

Peroxide, kẹ́míkà kan tí ooru máa ń tú ká, lè gbé 3 dé 20 bí a bá fi díẹ̀ sínú extruder, ìyẹn ẹ̀rọ tí sukúrù rẹ̀ ń yí nínú bárẹ́ẹ̀lì gbígbóná tó sì ń ti ike yíyọ́ jáde. Iye tí a ń lò wà láàárín 100 ppm sí 1000 ppm, ìyẹn gíráàmù 10 sí 100 fún PP 100 kg. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé ẹ̀wọ̀n mólíkù ike náà, èyí tó bá sì ti gé kò tún ní so padà mọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń gé, ibi tó ti ń gé e nínú ẹ̀rọ, àti ohun tí ike pàdánù bí ó ti ń rọrùn láti ṣàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bárẹ́ẹ̀lì

Peroxide tó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni 2,5-dimethyl-2,5-di(tert-butylperoxy)hexane. Trigonox 101 àti Luperox 101 wà lára orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. DTBPH ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ojú méjì ni ọ́síjìn ti so mọ́ ọ́síjìn nínú mólíkù rẹ̀ kan. Bí ooru bá mú un, ojú méjèèjì á já, a ó sì ní radical mẹ́rin, ìyẹn ègé mólíkù tó ń wá ohun tó máa so mọ́ lójú méjèèjì. Radical kọ̀ọ̀kan á já háídírójìn gbà lára ẹ̀wọ̀n PP, pàápàá níbi tí kábọ́nù kan ti so mọ́ kábọ́nù mẹ́ta mìíràn, torí ibẹ̀ ni háídírójìn ti rọrùn jù láti já. Kábọ́nù tó pàdánù háídírójìn rẹ̀ yìí kò lè dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀wọ̀n á ti gé sí méjì.

Ẹ fojú inú wo òkìtì okùn, gígùn pẹ̀lú kúkúrú, tí ẹnì kan di ojú tó sì ń fi ọ̀bẹ gé e káàkiri: okùn tó gùn jù ni ọ̀bẹ á máa bá jù. Bẹ́ẹ̀ ni peroxide ṣe ń ṣe é. Àwọn ẹ̀wọ̀n tó gùn gan-an á dín kù, àwọn kúkúrú kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, gígùn gbogbo wọn á sì súnmọ́ ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn yẹn ló ń mú kí ike ki. Bí a bá ń tì í díẹ̀díẹ̀, kíki PP yíyọ́ ń tẹ̀ lé Mw (ìwọ̀n mólíkù tí àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn ń darí) ní agbára 3.4. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí Mw bá wálẹ̀ sí ìdajì, kíki á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn kan náà ló ń mú kí ike wú bó bá ti jáde lẹ́nu dáì (ihò tí ike yíyọ́ ń gbà jáde), àwọn ló sì ń mú kí ike gbígbóná lè gba fífà láìjá. Bí a bá gé wọn, wíwú á dín kù, ohun tí a dà kì í sì í sábà wọ́ tó ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá tutù. Èrè nìyẹn. Àdánù rẹ̀ ni pé ike gbígbóná kò ní lè gbé ara rẹ̀ mọ́, bí ọjà náà ṣe ń gba ìlù láìfọ́ á sì dín kù.

Ohun kan tún wà tí MFR nìkan kò ní fi hàn. PP tí gígùn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ síra púpọ̀ máa ń ṣàn sí i gan-an nígbà tí a bá fi agbára tì í kíákíá. Èyí tí peroxide ti gé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Nítorí náà, PP méjì lè ní MFR 22 kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láti inú reactor (ìkòkò ńlá tí wọ́n ti ń ṣe PP), kí èkejì jẹ́ èyí tí a gé, síbẹ̀ kí èyí tí a gé béèrè prẹ́ṣọ̀ tó pọ̀ díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ̀rọ injection bá ń tì í lọ́nà tó yá. Ẹni tó bá ra èyí tí a gé, tó sì fi ètò ẹ̀rọ ti àkọ́kọ́ dà á, á ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Ẹ sọ fún oníbàárà yín pé PP tí a gé ni.

Ẹ kọ́kọ́ yọ polyethylene kúrò

Èyí ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tó kù nínú iṣẹ́ yìí lọ. Ohun tí peroxide ń ṣe sí polyethylene (PE) yàtọ̀ pátápátá: ẹ̀wọ̀n PE tí radical bá wà lórí rẹ̀ kì í gé, ńṣe ló máa ń so mọ́ ẹ̀wọ̀n mìíràn. Ọ̀pọ̀ àpò ṣúgà àti àpò ajílẹ̀ ló ní ọ̀rá PE nínú, àwọn mìíràn sì ní PE tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí èyí bá wọ extruder pẹ̀lú peroxide, á di kókó líle tí kò ní yọ́ mọ́, á sì dí síìfù tó wà ṣáájú dáì.

Omi kò ní bá yín yà wọ́n. PP (nǹkan bíi 0.90 g/cm³) àti PE (0.91 sí 0.96) jọ máa ń léfòó ni. Ọwọ́ ni ká fi fa ọ̀rá inú àpò jáde kí a tó lọ̀ ọ́. Àpò tí PE bá lẹ̀ mọ́ lára, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí kò ní peroxide nínú. Ẹ ṣọ́ra fún PP tí wọ́n fi ethylene ṣe kó má bàa tètè fọ́, irú èyí tó wà lára bọ́ńpà ọkọ̀. Apá rẹ̀ tó dà bí rọ́bà lè so mọ́ra bákan náà.

Ìṣirò kí ẹ tó tan ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ ká mú PP kan tí MFR rẹ̀ jẹ́ 3, tí Mw rẹ̀ jẹ́ 400,000, tí Mn rẹ̀ (ìdá àárín ìwọ̀n gbogbo ẹ̀wọ̀n, gígùn àti kúkúrú) jẹ́ 60,000. Gíráàmù 290 ni mólù kan DTBPH, ó sì ń mú radical mẹ́rin wá. A ó gbà pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn radical náà ló gé ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó kù, antioxidant (ohun tí a fi ń dáàbò bo ike kó má tètè gbó) gbà wọ́n tàbí kí wọ́n pa ara wọn. Ìṣirò tó tẹ̀ lé èyí rí báyìí:

- 200 ppm: MFR nǹkan bíi 8
- 400 ppm: nǹkan bíi 17
- 500 ppm: nǹkan bíi 23
- 600 ppm: nǹkan bíi 31

Ní 500 ppm, Mw ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 220,000, àmọ́ Mn ṣì wà ní nǹkan bíi 48,000. Ẹ rí i pé ẹ̀wọ̀n gígùn ló gba ìyà jù. Ìṣirò yìí kò péye pátápátá, torí pé bí gígùn ẹ̀wọ̀n bá yàtọ̀ síra púpọ̀, Mw máa ń wálẹ̀ ju bó ṣe sọ yìí lọ. Ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Ohun tó wúlò jù nínú ìlà wọ̀nyí ni bí wọ́n ṣe ń ga sí i kíákíá. Bí ìwọ̀n yín bá ṣì í ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní 500 ppm, ìyẹn 450 tàbí 550, MFR á bọ́ sí 20 tàbí kó gòkè dé 27. Ẹni tó ń fi agolo wọn peroxide sínú họ́pà kò lè rí MFR kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ẹ nílò

Extruder onísukúrù méjì ló dára jù, torí pé ó ń po nǹkan pọ̀ dáadáa. Onísukúrù kan náà lè ṣe é, bí sukúrù náà bá ní ibi ìpòpọ̀ lápá ìparí rẹ̀, bí a bá sì fara mọ́ ọn pé MFR á máa yàtọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní ihò tí a ti ń fa atẹ́gùn jáde lẹ́yìn ibi tí peroxide ti ṣiṣẹ́ tán, nítorí DTBPH ń fi acetone, tert-butanol àti methane sílẹ̀. Gbogbo wọn ló lè gbaná, àwọn méjì àkọ́kọ́ sì máa ń fi òórùn sára ọjà.

Ẹ má ra peroxide olómi bí ẹ kò bá ní pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ ra masterbatch, ìyẹn hóró PP tí peroxide ti wà nínú rẹ̀ ní ìdá 5 tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó jẹ́ ìdá 5 la fara mọ́ jù: fún 500 ppm nínú PP 100 kg, a nílò DTBPH gíráàmù 50, ìyẹn masterbatch 1 kg. Kílò kan nínú ọgọ́rùn-ún rọrùn láti pín kárí ju gíráàmù 50 lọ.

Ẹ tún ní antioxidant lọ́wọ́. 500 sí 1000 ppm àpapọ̀ phenolic àti phosphite (irú Irganox 1010 pẹ̀lú Irgafos 168) ló wọ́pọ̀. Àpò tó ti wà nínú oòrùn ti lo púpọ̀ nínú tirẹ̀ tán. Antioxidant á jẹ lára peroxide, nítorí náà ẹ má ṣe yí iye rẹ̀ padà láàárín iṣẹ́. Bí ẹ bá fi kún un, MFR á wálẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, á gòkè, ọjà yín á sì gbó kíákíá. Bí extruder bá ní ojú ìfisí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí antioxidant wọlé láti ibẹ̀, lẹ́yìn tí peroxide bá ti ṣiṣẹ́ tán.

Ṣíṣe é, láti orí àpò dé orí hóró

Ẹ fọ àpò tí a ti lọ̀, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Àpò híhun sábà máa ń ní ẹfun CaCO₃ díẹ̀ nínú, ẹfun sì máa ń di omi mú. Omi yẹn á di ihò nínú okùn ike tó ń jáde lẹ́nu dáì. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ di hóró tàbí kókó kéékèèké láìfi peroxide sí i, kí ẹ sì po òkìtì ńlá kan pọ̀ kó tó di pé ẹ wọn MFR rẹ̀. Àpò tí oòrùn ti pa lè ti dé 8 tàbí 10 fúnra rẹ̀, nígbà tí tuntun ṣì wà ní 3. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n peroxide kan náà sí àwọn méjèèjì, ẹ ò ní rí ohun kan náà. Kíkó o di hóró tún ń yanjú ìṣòro mìíràn: àpò tó rí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ àti hóró masterbatch kì í dúró pọ̀ nínú họ́pà. Hóró á sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú, èyí tó fẹ́rẹ́ á dúró lókè.

Fún extruder onísukúrù méjì, ètò ìgbóná tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni 160°C ní ibi ìfisí, 180, 190, 205, 215, 215, kí dáì wà ní 205. Ẹ jẹ́ kí omi máa mú ọrùn họ́pà tutù. Ìdí tí ìbẹ̀rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tutù ni pé peroxide kò gbọ́dọ̀ jó tán kí ike tó yọ́ tán. Bó bá jó lára hóró tí kò tíì yọ́, ibi tó bá wà nìkan ni á gé. Omi ike fúyẹ́ á wà láàárín ike tó ki, àwọn méjèèjì kò sì rọrùn láti pò mọ́ra.

Àkókò ìdajì, ìyẹn àkókò tí ìdajì peroxide fi ń jó tán, ló ń sọ bóyá ìgbóná yín tó. Ti DTBPH jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ní 180°C, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ní 200°C, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì ní 220°C. Lẹ́yìn àkókò ìdajì méje, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ju hóró aláwọ̀ díẹ̀ sí ọrùn họ́pà, kí ẹ sì fi aago wo ìgbà tí àwọ̀ máa kọ́kọ́ yọ lẹ́nu dáì. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40 tí ike sì wà ní 180°C, peroxide tó pọ̀ ló ń bá hóró jáde. Bí ike bá lo ìdajì àkókò yẹn ní 215°C, kò sí wàhálà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é láìsí peroxide rárá. MFR á gòkè díẹ̀ fúnra rẹ̀, torí pé ooru àti ìyípo sukúrù náà ń gé ẹ̀wọ̀n, iye tó bá sì dé ni ìpìlẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 150, 300, 450 àti 600 ppm dán an wò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó mú àpẹẹrẹ. Bí extruder bá ń ṣe 200 kg ní wákàtí kan, masterbatch ìdá 5 fún 500 ppm jẹ́ 2 kg ní wákàtí, ìyẹn gíráàmù 33 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé ìkòkò sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn masterbatch fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì wọn ohun tó bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kọ iye ampere (iná tí mọ́tò ń fà) àti prẹ́ṣọ̀ dáì sílẹ̀ pẹ̀lú MFR àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, torí àwọn méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún yín pé nǹkan ti yí padà, kí ibi àyẹ̀wò tó mú èsì wá. Ẹ ya MFR sórí ìwé log (èyí tí ìlà rẹ̀ ń gòkè ní ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá) lòdì sí ppm, kí ẹ sì mú iye tí ẹ fẹ́ láti ibẹ̀.

Wíwọn MFR láìtan ara wa

Ìlànà ISO 1133 ni: 230°C, 2.16 kg, dáì kékeré tí ihò rẹ̀ jẹ́ 2.095 mm, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 8 mm. Ẹ fi hóró gíráàmù mẹ́rin sí márùn-ún sínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn jáde, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fún MFR tó wà láàárín 10 sí 25, ẹ máa gé e ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ìdá àárín ègé mẹ́fà bá jẹ́ gíráàmù 0.36, ẹ fi 600 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 10: MFR jẹ́ 21.6. Ẹ da ègé tó ní ihò nù.

Bí ègé tó kẹ́yìn bá wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ gan-an, ike náà ṣì ń bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, antioxidant rẹ̀ kò sì tó. Kì í ṣe peroxide tó ṣẹ́kù ló fa ìyẹn, torí pé ìṣẹ́jú márùn-ún ní 230°C ti jó gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó gé ègé àkọ́kọ́. Ìdẹkùn tó wà níbẹ̀ nìyẹn: ẹ̀rọ MFR lè bá extruder parí iṣẹ́ tí kò parí, kó sì fún yín ní 22 tó rẹwà. Ohun tó máa tú u fó ni prẹ́ṣọ̀ dáì. Bí MFR bá sọ pé 22 nígbà tí prẹ́ṣọ̀ dáì ṣì ga bíi ti ike tó wà ní 12, ìyókù peroxide wà nínú hóró yín, ẹ̀rọ injection oníbàárà ló sì máa parí rẹ̀, pẹ̀lú òórùn. Ẹ gbé ìgbóná àárín bárẹ́ẹ̀lì sókè ní 10°C, tàbí kí ẹ dín ìyára kù.

Bí ẹ bá lè wọn ọ́n pẹ̀lú ẹrù 10 kg náà, ẹ pín iye rẹ̀ sí ti 2.16 kg. Iye tí ẹ bá rí á máa dín kù bí gígùn ẹ̀wọ̀n bá ṣe ń súnmọ́ ara wọn. Òun ló máa fi ìyàtọ̀ hàn láàárín PP tí a gé àti PP tí kò rí peroxide rí, kódà nígbà tí MFR wọn bá dọ́gba.

Nígbà tí nǹkan bá dojú rú

MFR ń gòkè ó ń wálẹ̀ láàárín wákàtí kan: masterbatch kò wọlé bó ṣe yẹ, tàbí àpò tí a lọ̀ dí họ́pà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn ohun tó ń bọ́ láti inú ẹ̀rọ ìwọ̀n kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgbóná.

MFR kò dé ibi tí ìdánwò sọ: ẹ wo bóyá ẹni tó ń pò ó ti fi àwọ̀ dúdú sí i. Carbon black máa ń gba radical mọ́ra. Masterbatch tó ti pẹ́ nínú ooru náà lè ti pàdánù agbára rẹ̀, ẹfun tó pọ̀ nínú àpò sì máa ń mú kí ike yíyọ́ ki sí i.

Kókó kéékèèké lórí ọjà: PE ló fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá dá yín lójú pé PE kò sí, peroxide ló ń jó kí ike tó yọ́. Ẹ mú kí ibi ìfisí tutù.

Okùn ike ń já kó tó dé ibi tí a ti ń gé e: ike ti fúyẹ́ jù láti gbé ara rẹ̀. Ẹ dín ìgbóná dáì kù dé 190°C, ẹ sún ọpọ́n omi mọ́ ọn. Ẹ má fi peroxide rọ́pò ìtọ́jú ìgbóná dáì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má lépa MFR 40 bí ohun tí ẹ fẹ́ dà kò bá béèrè ju 20 lọ. Gbogbo ẹ̀wọ̀n tí ẹ bá gé kọjá ohun tí mólùdù nílò, lára agbára ọjà ni ẹ ti yọ ọ́. Ẹ má sì fi PP tí a gé ṣe ìgò fífẹ́, fóòmù tàbí àwo tí a ń fi ìgbóná tẹ̀. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí nílò ẹ̀wọ̀n gígùn tí ẹ ti mú kúrò.

Peroxide nínú sítọ́ọ̀ olórùlé páànù

DTBPH ní ìgbóná tí kò gbọ́dọ̀ kọjá nínú sítọ́ọ̀. 40°C ni wọ́n sábà máa ń kọ, kí ẹ ka ìwé ààbò tó bá ọjà wá. Ní ọ̀sán Èbìbí nílùú Èkó, abẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì lè kọjá ìyẹn. Bó bá dé nǹkan bíi 80°C, peroxide olómi nínú garawa lè máa jó fúnra rẹ̀, kí ooru rẹ̀ máa pọ̀ sí i títí tí kò fi ní ṣeé dá dúró. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí yàrá tó ní atẹ́gùn, tó jìnnà sí oòrùn, iná ìjó irin, ásíìdì, ìpẹtà irin àti ohun tó ní kóbáltì nínú. Ẹ má da èyí tó ṣẹ́kù padà sínú garawa àkọ́kọ́, torí pé ìdọ̀tí díẹ̀ lè mú kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bó bá dà sílẹ̀, yanrìn tútù ni kí ẹ fi gbá a, kì í ṣe ìyẹ̀fun pákó. Gọ́gù àti ìbọ̀wọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fi ọwọ́ kàn án.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fi masterbatch sí i kí ẹ tó pa sukúrù, kí ẹ sì fi PP lásán fọ bárẹ́ẹ̀lì títí prẹ́ṣọ̀ dáì á fi padà sí ìpìlẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà ìdánwò. Ike tó bá jókòó sínú bárẹ́ẹ̀lì gbígbóná pẹ̀lú peroxide á di omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí iná NEPA bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn kúrò níwájú dáì kí sukúrù tó tún yí.